Update kan náà lójoojúmọ́: ṣé kí n kúkú pa á ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Láptọ́ọ̀pù kan wà nílé wa tí èmi àti àwọn ọmọ jọ ń lò, Windows 10 ló wà lórí rẹ̀. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń kọ ọ́ sí igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún pé update wà nílẹ̀. Màá tẹ̀ ẹ́, á ṣe download, á ní kí n tún un tàn, màá tún un tàn. Tó bá di ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Mo wo inú rẹ̀, mo rí i pé ó kọ Failed àti 0x80070643. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, nǹkan á yọ ní igun kan náà pé fáírọ́ọ̀sì márùn-ún ti wọ kọ̀ǹpútà mi, kí n tètè ṣe update antivirus. Dátà mi ń lọ lásán. Àkọ́bí mi ní òun mọ bí wọ́n ṣe ń pa update Windows pátápátá. Ṣé kí n jẹ́ kó pa á? — Olùkọ́ kan, Òṣogbo

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pa á. Bíbẹ́ orí kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Mo mọ̀ pé kí ọkàn yín lè balẹ̀ ló ṣe sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ tó gbọ́ kọ̀ǹpútà díẹ̀ ló sì máa ń ṣe é fún òbí wọn, àmọ́ ohun tó máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀ kì í dára. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2017, Microsoft gbé update kan jáde láti dí ihò kan nínú Windows. Nígbà tó di ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún náà, ohun tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba ihò yẹn gan-an wọ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé. Ó ti fáìlì àwọn èèyàn pa, ó ní kí wọ́n wá fi Bitcoin rà á padà. Àwọn ilé ìwòsàn ìjọba nílùú Ọba wà lára àwọn tó kàn, débi pé wọ́n ní láti sún ọjọ́ tí wọ́n fún àwọn aláìsàn síwájú. Kọ̀ǹpútà tó ti gba update oṣù Kẹta, ihò yẹn ti dí lórí rẹ̀. Nǹkan bí oṣù méjì ni àwọn yòókù fi ní àyè láti gbà á, wọn ò gbà á. Ìdí nìyẹn tí ara mi kì í fi í gbà á tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé òun ti pa update.

Mo tún ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀kejì, mo sì rí i pé ohun méjì tí kò bá ara wọn tan ló ń yọ yín lẹ́nu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igun kan náà ni wọ́n ti ń yọ. Ọ̀kan wá láti ọ̀dọ̀ Windows fúnra rẹ̀. Èkejì, èyí tó ní fáírọ́ọ̀sì márùn-ún, kò wá láti ọ̀dọ̀ Windows rárá. Òun ni ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lé lọ, nítorí òun ló lè tètè ṣe yín níbi.

Bó ṣe máa ń wọlé ni pé ẹnì kan nínú ilé lọ sórí ìkànnì kan láti wo bọ́ọ̀lù tàbí láti gba fíìmù. Àpótí kékeré kan yọ lókè pé ìkànnì yìí fẹ́ máa fi ìfitónilétí ránṣẹ́, Allow tàbí Block. Àwọn ìkànnì kan tiẹ̀ máa ń parọ́ pé kí ẹ tẹ Allow kí àwọn lè mọ̀ pé ẹ kì í ṣe róbọ́ọ̀tì. Ọmọ tẹ Allow, ó ń bá fíìmù rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, Chrome tàbí Edge ti fún ìkànnì yẹn láyè láti máa ju ọ̀rọ̀ sí igun kọ̀ǹpútà yín, kódà lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n á wá ya àmì ilé iṣẹ́ antivirus tí gbogbo ayé mọ̀ sórí rẹ̀, wọ́n á fi àwọ̀ pupa sí i. Kò sí fáírọ́ọ̀sì kankan tí wọ́n rí. Ìkànnì kan kò lè ti inú ìfitónilétí yẹ inú kọ̀ǹpútà yín wò.

Tó bá tún yọ, ẹ má tẹ ibì kankan lára rẹ̀. Ẹ rọra wo ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ óò rí Google Chrome tàbí Microsoft Edge níbẹ̀, pẹ̀lú àdírẹ́sì ìkànnì kan tí ẹ ò mọ̀ rí. Tó bá jẹ́ ti Windows ni, Windows Update tàbí Windows Security ni yóò kọ, kò sì ní sí àdírẹ́sì ìkànnì kankan lábẹ́ rẹ̀. Láti lé e lọ, ẹ ṣí Chrome, kí ẹ kọ chrome://settings/content/notifications síbi tí ẹ máa ń kọ àdírẹ́sì sí. Gbogbo àwọn tí wọ́n ti fún láyè á tò síbẹ̀. Ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ yan Block. Tó bá jẹ́ Edge lẹ ń lò, edge://settings/content/notifications ni. Lójú ewé Chrome yẹn kan náà, ẹ lè sọ pé kí ìkànnì kankan má tiẹ̀ máa béèrè mọ́. Èmi máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni tí ọmọdé bá ń bá lò ó.

Ẹ wá béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ, láìbá wọn jà, bóyá ẹnì kan ti tẹ̀ ẹ́ tó sì fi nǹkan sórí kọ̀ǹpútà. Tí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ Apps, kí ẹ tò wọ́n bí ọjọ́ tí wọ́n dé ṣe tẹ̀ lé ara wọn, kí ẹ yọ èyí tí ẹ ò mọ orírun rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí Windows Security, kí ẹ ní kó ṣe Microsoft Defender Offline scan (Defender ni antivirus tó wà nínú Windows fúnra rẹ̀). Kọ̀ǹpútà á pa ara rẹ̀, á tún tàn, á sì yẹ inú ara rẹ̀ wò kí Windows tó jí. Ẹ sì sọ fún gbogbo ilé pé ìkìlọ̀ Microsoft kì í ní nọ́ńbà fóònù lára. Èyí tó bá ní kí wọ́n ṣe update Flash Player, irinṣẹ́ tí a fi ń wo fídíò lórí ìkànnì láyé àtijọ́, irọ́ ni, nítorí pé láti ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni Adobe ti pa Flash rẹ́.

Ó ku ti Windows fúnra rẹ̀. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ Update & Security, ẹ wọ Windows Update, kí ẹ tẹ View update history. Ojú ewé yìí ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa ju gbogbo ibi yòókù lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í débẹ̀; ìfitónilétí nìkan ni wọ́n ń wò, ìfitónilétí ò sì sọ tó. Update kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú KB. Ẹ mú bírò àti ìwé, kí ẹ kọ nọ́ńbà èyí tó kọ Failed sílẹ̀.

Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ mọ̀ pé nọ́ńbà méjì kan wà tí yóò máa padà wá, tí kì í ṣe àìsàn. KB2267602 ni àkọ́kọ́. Òun ni ìmọ̀ tuntun tí Defender ń gbà nípa àwọn fáírọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó sì lè dé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́. Nọ́ńbà KB rẹ̀ kì í yí padà, àmọ́ tí ẹ bá wo iwájú rẹ̀, ẹ óò rí nọ́ńbà Version tó ń gòkè sí i. Èkejì ni KB890830, irinṣẹ́ tí Microsoft fi ń ṣa àwọn fáírọ́ọ̀sì tó gbajúmọ̀ kúrò, tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ lábẹ́ nọ́ńbà kan náà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ̀wé sí mi pé update kan náà ń tún ara rẹ̀ ṣe, àwọn méjì yìí ni wọ́n rí. Tí wọ́n bá ti kọ Successfully installed, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Tiyín kọ Failed, nítorí náà nǹkan wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ 0x80070643 tí ẹ kọ ránṣẹ́ kò sọ ohun tó ṣe é. Òǹkà kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní hexadecimal ni wọ́n fi kọ ọ́; tí ẹ bá yí 643 ìparí rẹ̀ sí òǹkà tí a ń lò lójoojúmọ́, 1603 ni yóò fún yín. Kọ́ọ̀dù yìí sì ni Windows Installer fi ń sọ pé mo gbìyànjú láti fi nǹkan sílẹ̀, kò ṣeé ṣe. Kò sọ ìdí. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń wá kọ́ọ̀dù yìí lórí Google fi ń rí ogún ìmọ̀ràn tí kò bá ara wọn mu: ẹlòmíì ní ti .NET (ohun tí àwọn app kan nílò kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́) ni, ẹlòmíì ní ti antivirus ni. Nọ́ńbà KB tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń yanjú rẹ̀.

Lórí Windows 10, èyí tó gbajúmọ̀ jù pẹ̀lú kọ́ọ̀dù yìí ni KB5034441, tó jáde ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 2024. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí igbe fi ta lọ́tùn-ún lósì. Tí ẹ bá bá a nínú ìwé ìtàn update yín, tàbí tí ẹ bá bá òmíràn tí orúkọ rẹ̀ mẹ́nu ba Windows Recovery Environment, ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Háádì dísìkì yín kì í ṣe odindi kan ṣoṣo. Wọ́n ti pín in. Apá ńlá ni C, ibi tí Windows àti fáìlì yín wà. Apá kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹ kì í rí, bíi yàrá kótópó lẹ́yìn ilé, tí wọ́n kó irinṣẹ́ ìtúnṣe sí de ọjọ́ tí Windows bá kọ̀ tí kò tàn. Update yìí fẹ́ kó irinṣẹ́ tuntun sínú apá kékeré yẹn, ó sì nílò àyè òfìfo bíi 250 MB níbẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, apá yẹn kéré ju ohun tí update ń béèrè lọ. Ó wọlé, kò rí àyè, ó jáde. Kàkà kí Windows sọ pé àyè ò tó, 0x80070643 ló kọ. Lọ́jọ́ kejì á tún gbìyànjú. Kò sí iye ìgbà tí ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn tó lè fẹ apá yẹn lójú, kódà kí àyè ńlá wà lórí C. Ibẹ̀ ni dátà yín ń lọ.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò láìba nǹkan kan jẹ́. Ẹ kọ cmd síbi ìwákiri nísàlẹ̀, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ Command Prompt, kí ẹ yan Run as administrator. Ẹ kọ reagentc /info síbẹ̀, kí ẹ tẹ Enter. Tí ẹ bá rí Windows RE status: Disabled, Microsoft fúnra wọn ti sọ pé kọ̀ǹpútà tí èyí bá wà bẹ́ẹ̀ kò nílò update náà. Tí ó bá kọ Enabled, ẹ wo ìlà tó tẹ̀ lé e, á sọ nọ́ńbà apá tí irinṣẹ́ náà wà. Ẹ wá ṣí Disk Management, ẹ óò rí apá kan tí wọ́n kọ Recovery Partition sí lára, pẹ̀lú bó ṣe tóbi tó. Èyí tí kò ju nǹkan bíi 500 MB lọ, òun ni mo máa ń fura sí.

Àtúnṣe rẹ̀ wà, Microsoft sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀ lójú ewé KB5028997: wọ́n á pa irinṣẹ́ ìtúnṣe náà díẹ̀, wọ́n á gé 250 MB lára C, wọ́n á pa apá kékeré àtijọ́ rẹ́, wọ́n á fi àyè méjèèjì dá tuntun, wọ́n á tún irinṣẹ́ tàn. Diskpart, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń pín dísìkì, ni wọ́n ń fi ṣe é, mi ò sì fẹ́ kí ẹ̀yin tàbí ọmọ yín fi kọ̀ǹpútà ilé kọ́ diskpart. Kì í béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá yan nọ́ńbà 3 níbi tó yẹ kó yan 4 lè pa àwòrán ìgbéyàwó àti ìwé iṣẹ́ yín rẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ kó àwọn fáìlì yín sórí dísìkì míì ná, kí ẹ wá gbé e lọ fún oníṣẹ́ tí ẹ fọkàn tán, kí ẹ sì fi nọ́ńbà ojú ewé náà hàn án. Tó bá ní àfi kí òun fọ kọ̀ǹpútà náà, kí òun tún Windows fi sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ẹ gbé e kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Ṣé dandan ni kí ẹ ṣe é? Èrò tèmi ni pé kò kánjú fún yín. Ihò tí KB5034441 wá dí ni èyí tí ẹni tó bá jí kọ̀ǹpútà gbé lè gbà yẹra fún BitLocker, ìyẹn ohun tó ń ti dísìkì pa. Bí BitLocker tàbí Device encryption kò bá sí lórí láptọ́ọ̀pù yín, kò sí ohun tí ihò yẹn fẹ́ mú kúrò lọ́wọ́ yín. Àmọ́ kì í ṣe pé kí ẹ torí èyí kọ gbogbo update yòókù. Èyí tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Cumulative Update, tó máa ń jáde ní ọjọ́ Tuesday kejì nínú oṣù, ni kó máa wọlé láìkùnà. Òun ló ń dí irú ihò tí WannaCry gbà wọlé.

Tó bá wá jẹ́ pé Cumulative Update gan-an ló ń kọ Failed, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ibi tí mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa níbí ni iná. Kọ̀ǹpútà ṣe dé ìdajì update, iná lọ, bátìrì tí kò lágbára mọ́ kú fin. Nígbà tí ẹ bá tún un tàn, á kọ Undoing changes made to your computer, á dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, lọ́la á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ update àyàfi tí bátìrì bá kún dáadáa tí iná sì wà, kí ẹ má sì fi jẹnẹrétọ̀ tí epo rẹ̀ ti ń tán lọ ṣe é.

Bí ẹ ṣe ń pa kọ̀ǹpútà náà ṣe pàtàkì. Pípa ìdérí rẹ̀ dé kò parí update. Shut down lásán náà lè má parí rẹ̀, nítorí Fast Startup kì í jẹ́ kí Windows kú tán. Ó máa ń fi apá kan rẹ̀ pamọ́ kó lè tètè jí. Restart ni kí ẹ yàn, kí ẹ sì jókòó tì í títí ojú ibi tí ẹ ti ń kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé á fi padà dé.

Ẹ wo ọjọ́ àti aago tó wà ní igun yẹn pẹ̀lú. Tí bátìrì kékeré inú kọ̀ǹpútà bá ti kú, ọjọ́ á ṣáá máa padà sí ọdún àtijọ́. Windows á fẹ́ bá Microsoft sọ̀rọ̀, ìwé ẹ̀rí tó fi ń mọ̀ pé Microsoft gan-an ni á dà bíi pé kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sì ní gba nǹkan kan. Lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì, bátìrì CR2032 ni púpọ̀ nínú wọn ń lò, kò wọ́n.

Lẹ́yìn èyí ni mo tó máa ń fura sí fáìlì tó bàjẹ́ níbi tó ti ń wálẹ̀. Ẹ kọ services síbi ìwákiri, ẹ wá Windows Update nínú àwọn tó tò síbẹ̀, kí ẹ tẹ Stop. Ẹ lọ sí C:\Windows\SoftwareDistribution\Download, ẹ pa ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Kò ní ba fáìlì yín kankan jẹ́. Ohun tí update ti gbà wálẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ padà lọ tẹ Start, kí ẹ ní kó tún wá update. Tó bá ṣì kọ̀, ẹ padà sí Command Prompt ti administrator, ẹ kọ DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth, ẹ jẹ́ kó parí, ẹ wá kọ sfc /scannow. Àwọn méjèèjì ló ń tún fáìlì Windows tó bàjẹ́ ṣe. Èyí àkọ́kọ́ lè lo dátà, nítorí ó lè lọ gba fáìlì tó péye láti ọ̀dọ̀ Microsoft. Ó lè dúró lójú kan fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má pa á.

Ní ti dátà tó ń lọ, ẹ wọ Settings, ẹ wọ Network & Internet, ẹ tẹ orúkọ Wi-Fi tàbí hotspot tí ẹ ń lò, kí ẹ tan Set as metered connection. Windows ò ní máa ṣe download púpọ̀ nínú update fúnra rẹ̀ mọ́ láìgbàṣẹ. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá ra dátà òru, ẹ pa metered connection yẹn, kí ẹ jẹ́ kó gba ohun tó fẹ́ gbà. Nínú Update & Security, ẹ wọ Delivery Optimization, kí ẹ rí i dájú pé kò sí lórí èyí tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yín máa fi update ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà àwọn ẹlòmíì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Dátà yín ni yóò fi ṣe ìtọrẹ náà.

Ohun kan ṣì wà tó lè máa yọ, tí kò ní kọ Failed. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 ọ̀fẹ́ dúró. Láti ìgbà náà, kọ̀ǹpútà tí kò bá wọ ètò Extended Security Updates kì í gba update ààbò oṣooṣù mọ́. Ètò náà wà fún àwa tí à ń lò ó nílé títí di ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026. Dọ́là 30 ni, àmọ́ ẹ ò ní san nǹkan kan tí ẹ bá fi àkáǹtì Microsoft yín wọlé tí ẹ sì tan Windows Backup kó máa tọ́jú ètò kọ̀ǹpútà yín. Version 22H2 ló gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹ kọ winver síbi ìwákiri, á sọ fún yín. Ibi tí ẹ óò ti forúkọ sílẹ̀ máa ń yọ lójú ewé Windows Update. Tí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá láptọ́ọ̀pù náà lè gbé Windows 11, PC Health Check ti Microsoft á yẹ̀ ẹ́ wò fún yín. RAM 4 GB àti àyè 64 GB kò le púpọ̀ láti ní, TPM 2.0 (ohun ààbò kékeré inú kọ̀ǹpútà) àti irú processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tí wọ́n fọwọ́ sí ló máa ń já àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ sílẹ̀.

Ní ti ọmọ yín, ẹ jẹ́ kó bá yín ṣe apá tí kò léwu: kó yọ àwọn ìkànnì yẹn kúrò nínú Chrome, kó kọ nọ́ńbà KB sílẹ̀, kó ka ohun tí reagentc sọ fún yín. Tí iṣẹ́ bá sì ká yín mọ́lẹ̀ lásìkò ìdánwò tí ẹ ò fẹ́ kí ẹ̀rọ náà dí yín lọ́wọ́, Pause updates wà lójú ewé Windows Update, ẹ lè fi dá a dúró títí di ọjọ́ 35. Tí ọjọ́ náà bá pé, á tún bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rántí.